Ẹ̀wà Àjọsè ti Ilé Kémta

Ìyá Tómi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ dákun, kí ni ẹ ń ṣe tí iná yín kì í tètè tán? Tiwa kì í pẹ́ rárá tí mítà á ti máa ké." Mo ní n kì í lò ó púpọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà kì í sọ àṣírí tán. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi wọlé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ilé àyágbé, tí owó iná àti owó gáàsì kò jẹ́ kí ẹ rímú mí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ dá lóhùn. N kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. N kò tíì tó ọgọ́ta ọdún, n kò sì gbọdọ̀ máa pe ara mi ní àgbà níwájú àwọn tó bí mi. Síbẹ̀, ohun tí ojú mi rí ní kékeré ti di ìtàn, bí ẹni pé ayé àwọn baba ńlá wa ni mo gbé.

Ìdáhùn tó rọrùn kò ju báyìí lọ. Mo máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí n tó gbé e kaná. Bí mo bá ti dé ìkòkò, n kì í ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Bí omi bá hó, mo máa ń dà á sínú fúláàsìkì. Òun náà ni mo fi ń po ògì láàárọ̀, òun náà ni mo sì fi ń mu tíì lálẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo máa ń lọ gbogbo aṣọ ọ̀sẹ̀ kan, kí áyọ́ọ̀nù má baà gbóná lẹ́ẹ̀kan, kó tutù, kó tún máa gbóná. Ohunkóhun tí n kò bá lò, mo máa ń yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Fíríìsà tí ìyàwó mi fi ń ta omi dídì, mo ti pa á tipẹ́, aṣọ òtútù ni mo kó sínú rẹ̀. Gílóòbù kan ni mo ń tàn, ti yàrá ẹ̀yìn níbi tí mo ń sùn. Ó tán.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọgbọ́n ló ń mú iná mi pẹ́. Èmi nìkan ni mò ń lò ó. Láti ìgbà tí ìyá Dúpẹ́ ti kú, kò sí ẹni tí mò ń tan iná dè mọ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé. Bí ẹnìkan bá ń dá gbé, mítà rẹ̀ á máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò rò pé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, yàrá kan ni bàbá mi háyà nínú ilé kan ní Kémta nílùú Abẹ́òkúta. Yàrá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀nà tóóró sì gba àárín wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ilé ìdáná wà. Iná mànàmáná ti wọ ìgboro nígbà náà, ṣùgbọ́n onílé wa kò tíì fà á wọ ilé rẹ̀. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kò sì lówó epo. Iná ń wọ́n wa, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wọ́n yín lónìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwa jọ ń ṣọ́ ọ jẹ.

Ìyá kan wà nínú ilé náà tí à ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ ló ń sè tà. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti dáná. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni ohùn ọmọrogùn rẹ̀ tó ń kọlu etí ìkòkò, lẹ́yìn náà ohùn ewé tútù tó ń fi pọ́n ẹ̀kọ. Òun ló máa ń ṣáájú gbogbo ilé jí, iná rẹ̀ ni gbogbo ilé sì ń lò. Kò sẹ́ni tó ń ṣá ìṣáná. Ìyá kọ̀ọ̀kan á rán ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àpáàdì kó lọ bu ẹyín iná wá. Wọ́n ní àpáàdì ló tó ko iná lójú; ní ilé wa, ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́kọ ni ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kò lójú kí ó tó rí iná gbà. "Ṣé ìyá rẹ jí? Bàbá rẹ ńkọ́? Ta ló ń húkọ́ nínú yàrá yín mọ́jú?" Ọmọ tí kò bá dáhùn dáadáa, yóò dúró síbẹ̀ títí ẹyín iná yóò fi máa kú nínú àpáàdì rẹ̀.

Àtùpà kan ṣoṣo ló máa ń wà lójú ọ̀nà tóóró náà, lára ìṣó kan láàárín ilé. Àwọn yàrá máa ń ra kẹrosíìnì rẹ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ilé ti ń kàwé. Èmi pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nítorí pé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi ní oko Òdèdá ni mo wà títí tí mo fi di gìrìpá. Nígbà tí wọ́n fi mí sí kíláàsì kìíní, àyà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ga mọ mí. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Bí a bá jókòó sábẹ́ àtùpà, wọn á ní, "Bàbá Kíláàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orí yín sún, ẹ ti dí iná lójú." Mo máa ń sún un. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbé láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú kan náà ni gbogbo ilé ń lò. Ti bàbá mi ni. Ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀la yóò jẹ́ Kérésì ni ẹ ò bá wá wò ó: àwọn ìyá á tò sẹ́yìn ara wọn pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, èédú á máa ta pàrà pàrà, ẹni tó bá ń lọ aṣọ á gbé áyọ́ọ̀nù náà síta, á máa fì í kí afẹ́fẹ́ lè koná mọ́ ọn. Ní ọdún kan, ẹyín iná kan fò jáde, ó bà sórí aṣọ funfun tí bàbá mi fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ó jó o, ó lu ihò sí i nísàlẹ̀ abíyá. Kò sí aṣọ mìíràn. Bàbá mi di apá mọ́ ìhà ní gbogbo ìsìn náà, kódà nígbà orin tí a gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sókè kọ, kò na tirẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ ń kan sáárá sí i pé ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run ju àwọn akọrin yòókù lọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú gbogbo oúnjẹ, kò sí èyí tó ń jẹ igi bí ẹ̀wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n lára gáàsì yín. Àwọn ìyá wa kì í dá ẹ̀wà sè. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, olúkúlùkù á wọn tirẹ̀ wá, wọn á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ẹní, wọn á jókòó yí i ká, wọn á máa ṣà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀wà ṣíṣà yẹn, àwọn ọkọ wọn kì í fẹ́ gbọ́. Wọn á rẹ ẹ́ sínú omi. Ní ìdájí Àbámẹ́ta, bí Ìyá Ẹlẹ́kọ bá ti ṣe tán, yóò fa igi jáde, yóò pa á kó lè tún un lò, yóò wá gbé ìkòkò ẹ̀wà ńlá náà ka orí ẹyín iná tó ṣẹ́kù. Yóò fi eérú gbígbóná yí ìdí rẹ̀ ká, yóò fi àpò ìdọ̀họ tútù bo ìdérí. Kò ní í fi ẹyọ igi kan kún un. Kí oòrùn tó ga, ẹ̀wà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Iná tí ó ti ṣiṣẹ́ tán ló sè é, ìyẹn iná tí ẹ̀yin ń jẹ́ kó ṣòfò lónìí bí ẹ bá ti pa gáàsì.

Lórí àga gbọọrọ kan lẹ́bàá ilé ìdáná, a ó to àwo sí, àwo kan fún yàrá kan. Ìyá Ẹlẹ́kọ kì í bu ẹ̀wà fún ẹnikẹ́ni bí àwo kò bá tíì pé mẹ́jọ. Ebi lè máa pa ọmọ, kó máa sunkún. Ìyá náà á kàn káwọ́ sẹ́yìn.

Bùràímọ̀ ń gbé yàrá tó kángun sí ọ̀nà. Káfíńtà ni, kò ní ìyàwó, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ó lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó jẹ́ pé orí nìkan ni yóò fi kí yín. Ní Àbámẹ́ta kan, àwo méje ló wà lórí àga. Àwọn ìyá ní kí a máa bù ú, pé Bùràímọ̀ á ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi tilẹ̀ ní kí a fi tirẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò gbà. Ó ní, "Ẹ̀wà kò ní í sá lọ. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn." A kàn án, kò dáhùn. Bàbá mi fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà wọlé. Bùràímọ̀ wà lórí ẹní, ibà ti mú un débi pé ojú rẹ̀ ṣí ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń wò. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀wà tutù sórí iná lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ráhùn.

Ó yè. Nígbà tó padà wálé, Ìyá Ẹlẹ́kọ ni kò jẹ́ kó sinmi. "Bùràímọ̀, ẹ̀wà ló yọ ọ́ o. Abẹ́rẹ́ àwọn dókítà kàn wá ràn án lọ́wọ́ ni." Láti ìgbà náà, àwo Bùràímọ̀ ló ń kọ́kọ́ dé orí àga. Nígbà mìíràn, a kò tíì gbé ìkòkò kaná rárá tí àwo rẹ̀ yóò ti wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn á ní ọ̀kánjúwà ti dé.

N kò lè sọ ọjọ́ tí nǹkan wọ̀nyẹn parí. Kò sẹ́ni tó pè wá jọ, tó ní ó parí. Yàrá kan ra sítóòfù, òmíràn tẹ̀ lé e. Onílé fa iná wọlé. Ìyá Ẹlẹ́kọ darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ. Ojú rẹ̀ ti pọ́n koko nígbà náà, èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ tán. Nítorí náà, n kò ní kí ẹ padà sídìí igi. Èéfín kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Gáàsì dára. Mítà tí olúkúlùkù ní tirẹ̀ dára, ó pa ìjà nínú ilé. Ṣùgbọ́n ó pa ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, títí wọ́n fi ní kí àwa tí a ti pẹ́ máa lọ sílé. Ìyá Dúpẹ́ kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo ní ilẹ̀ kékeré ní Òdèdá tí mo máa ń lọ roko sí. Bí mo bá ti oko dé, mo máa ń gba palọ̀ kọjá nínú òkùnkùn, nítorí mo mọ ibi tí àga kọ̀ọ̀kan wà. Kí ni mo fẹ́ tan iná wò níbẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Inú mi dùn, mo yára ṣí i. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń báni wá ilé ni, ó kó tọkọtaya kan lẹ́yìn. Bí ó ṣe rí mi, ó fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n sọ fún mi pé ẹni tó ń gbé ibí ti kó lọ. Wọ́n ní àwọn kì í rí iná níbẹ̀ mọ́." Ìyàwó nínú tọkọtaya náà ti ń yọjú wo palọ̀ mi lórí èjìká mi, ó ń wò ó bóyá àga òun á wọ̀ ọ́. Mo ní, "Mo ṣì wà níbẹ̀." Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Èmi nìkan dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Fóònù mi kú, n kò sì lágbára láti dìde fi í síná. Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ lórí àtẹ̀gùn láti orí ibùsùn. Mo gbọ́ tí Ìyá Tómi bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó rí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọkọ rẹ̀ ní mo ti lè lọ sí Òdèdá, àbí ó rí iná lójú fèrèsé mi ni? Obìnrin náà ní, "Ìgbà wo la tilẹ̀ ń rí i tẹ́lẹ̀?" Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn. Mo fẹ́ pè wọ́n, ohùn kò jáde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi Dúpẹ́ ló gbà mí là. Ọ̀tà ló ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó pè títí, kò gbọ́ ohùn mi, ó bá wọkọ̀ wá. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́. Nígbà tí ara mi yá díẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kó ẹrù yín. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ ó máa gbé."

Mo ní Ọ̀tà jìnnà sí sàréè ìyá rẹ̀.

"Màmá kò ní kí ẹ wá kú mọ́ inú òkùnkùn."

Mo kọjú sí ògiri.  Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ẹ wá ẹnìkan nínú ilé yìí tí yóò kan ilẹ̀kùn yín bí kò bá rí yín. Ẹnìkan péré, Dádì. Bí ẹ bá rí i kí ọdún Àjíǹde tó dé, ẹ dúró ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ kò bá rí i, mo ń gbé mọ́tò bọ̀."

Ẹ ó ní ohun tó rọrùn ni. Kí n sọ fún Ìyá Tómi pé kó máa wò mí. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo padà wọlé. Kí ni ènìyàn fẹ́ wí? Pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá wò bóyá mo ti kú? Yóò gbà, yóò wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò gbàgbé ní ìkejì, n kò sì ní í dá a lẹ́bi. Mo wá ń rò ó pé Ìyá Ẹlẹ́kọ kò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wà ló ń bá wa ṣọ́ ara wa.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Tómi.

Ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni."

"Ẹ fẹ́ yá ẹ̀wà?"

"Rárá. Mo ní bóyá ká máa jọ sè é. Gáàsì tó ń se ti ẹnìkan lè se ti ilé mẹ́ta."

Ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò. Ayé ti di ayé tí ẹnìkan kì í jẹ lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ó ní òun á sọ fún ọkọ òun. Ìgbà tí Bàbá Tómi ti ibi iṣẹ́ dé, ó wá fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí a kì í gbọ́ ohùn yín, ẹ̀wà ló wá fà á jáde? Àbí ẹ fẹ́ fi gáàsì wa se tiyín ni?" Mo ní gáàsì tèmi la ó kọ́kọ́ lò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní kò burú. Ó tún lọ pe Múfú, ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà tó ń dá gbé nísàlẹ̀, kó wá dá sí i.

Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí mo ti rí i. Mo rẹ ẹ̀wà. Mo sè é díẹ̀, mo pa gáàsì, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di ìkòkò náà pọ̀ kí ooru rẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ń fi eérú ṣe é. Wọ́n dé pẹ̀lú àwo. Mo ṣí ìkòkò. Ẹ̀wà le gan-an. Mo tún gbé e kaná, kò rọ̀. Múfú fi ẹyọ kan sẹ́nu, ó yọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀wà lẹ sè ni àbí òkúta Ewékorò?"

Ìyá Tómi tọ́ omi rẹ̀ wò. "Ẹ ti fi iyọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kó rọ̀. Ta ló kọ́ yín ní ẹ̀wà sísè?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìyàwó mi ló ń sè é.

Kò sẹ́ni tó tún fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn láti dúró dè é. Gáàsì tí a ní a ó ṣọ́ jẹ, a jó o bí ẹni tí kò nítìjú. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀wà kò rọ̀, a sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé Bàbá Tómi máa ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, pé ọmọ rẹ̀ á ti sùn kó tó dé. Mo gbọ́ pé àwọn òbí Múfú fẹ́ kó fẹ́yàwó, owó ilé ni kò jẹ́. Mo wá rí i pé Ìyá Tómi náà kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kì í ṣe iná nìkan ló ń bi mí léèrè lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́sí.

Láti ìgbà náà, ìkòkò ń yí ká láàárín wa. Lọ́sẹ̀ yìí lọ́dọ̀ mi, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìdílé Tómi, lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ Múfú. Gáàsì wa ń pẹ́, gbogbo wa jẹ́rìí sí i. Mo sọ ìtàn àtùpà fún wọn, mo sọ ti aṣọ bàbá mi. N kò sọ ti Bùràímọ̀. N kò sì sọ òfin àwo fún wọn. Bí mo bá sọ ọ́, bí ẹni pé mo tọrọ rẹ̀ ni yóò rí.

Ọdún Àjíǹde ń sún mọ́lé. Dúpẹ́ pè. Mo ròyìn ẹ̀wà fún un, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ni, kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìwádìí. Ó bi mí léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti wá kan ilẹ̀kùn yín rí, láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jáde?"

Mo rò ó. Mo ní rárá.

"Ẹ̀wà lẹ rí nìyẹn, Dádì. Ẹ kò tíì rí ènìyàn."

N kò bá a jiyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé mi sínú páálí.

Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọdún náà, ìdílé Tómi ló kàn láti sè é. Mo ti roko púpọ̀ ní Òdèdá lọ́jọ́ tó ṣáájú, gbogbo eegun ara mi ló ń ro mí. Nígbà tí mo jí, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́. Mo ń gbọ́ ìró òjò lórí páànù, mo sì ń gbọ́ ìró àwo lódìkejì. Òórùn ata ti wọlé bá mi. Ó yẹ kí n dìde. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Múfú ní kí wọ́n máa bù ú, pé Bàbá á ti lọ sóko.

Bàbá Tómi ní, "Nínú òjò yìí?"

 Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ìdérí padà sórí ìkòkò. Lẹ́yìn náà, bàtà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ Ìyá Tómi ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ó kan ilẹ̀kùn. "Bàbá Dúpẹ́."

Mo lóhùn lọ́jọ́ náà. Kò sí ibà lára mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo àjà, mo ń rántí ohun tí Dúpẹ́ bi mí.

Ó tún kàn án, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá. Bàbá Dúpẹ́, ẹ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́." Ẹsẹ̀ mìíràn sáré dé. Bàbá Tómi ní kí wọ́n kúrò lọ́nà, kí òun ti ilẹ̀kùn.

"Mo wà," ni mo wí. "Mo ń bọ̀."

Nígbà tí mo ṣí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Tómi wà láyà. Ó fẹ́ bínú, kò ráàyè. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò dáhùn nígbà tí mo kọ́kọ́ pè yín?"

Mo ní oorun ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe oorun.